Egbò orín àtà tí wọ́n ní ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ: ṣé kí màmá mi máa mu ún?

Àdùkẹ́_Tákíè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Jẹjẹrẹ ọyàn ló ń bá màmá mi jà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, omi oògùn ni wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta báyìí, paclitaxel ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Wọ́n ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Irun wọn ti re tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ló ń dùn mí jù. Orí ìka wọn ti kú. Lánàá, wọ́n jókòó ti igbá ẹ̀wà, wọ́n ń ṣà á, òkúta wà lábẹ́ ìka wọn gan-an, wọn ò mọ̀. Èmi ni mo bá wọn yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wá láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé egbò orín àtà dání, ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n ti rà á. Wọ́n ti rẹ díẹ̀ sínú ìgò ògógóró. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kí màmá máa mu ife kékeré kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Ẹ dákun, ṣé òótọ́ ni? Ṣé wọ́n lè mu ún pọ̀ mọ́ ti ọsibítù? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo dènà ohun tí ì bá wo wọ́n sàn.

Ọmọ_Alágbo:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ọlọ́run á wo màmá sàn. Ìyá mi ń ta àgbo ní Wàzò kí wọ́n tó bí mi. Tí ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ bá dé ìsọ̀ wọn, wọn kì í tà fún un, wọ́n á ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ná. Wọ́n ní egbò tí a wà lẹ́ẹ̀rùn kì í le bákan náà pẹ̀lú tòjò, ojú lásán sì ni àwọn fi ń wọ̀n ọ́n.

Bàbá_Láàbù:
Àdùkẹ́, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yíyẹ egbò àti ewé wò ní láàbù níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá yín. Lọ́dún 1972 ni àwọn onímọ̀ kọ ọ́ jáde pé àwọn yọ èròjà kan lára egbò orín àtà, tó ń dá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ dúró lára èkúté. Fagaronine ni wọ́n sọ ọ́, Fagara tí í ṣe orúkọ igi náà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ nígbà náà ni wọ́n fi pè é. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ń pa sẹ́ẹ̀lì. A ó sá egbò síbi tí oòrùn kò dé, a ó lọ̀ ọ́. Tí ẹ̀rọ bá ń lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ á máa ta yín nímú, ahọ́n yín á sì kú díẹ̀ bí ìgbà tí ẹ rún pákò rẹ̀. A ó rẹ ẹ́ sínú methanol, irú ọtí líle kan tí a kì í mu, a ó sẹ́ ẹ, a ó fa methanol kúrò títí yóò fi ku nǹkan bí oyin dúdú. Lẹ́yìn náà, a ó rẹ ẹyin edé wínniwínni sínú omi iyọ̀ títí wọn yóò fi pa, a ó ka ọmọ edé mẹ́wàá mẹ́wàá sínú ìgò, a ó sì kán oògùn sí i, ìgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ó ka òkú. Mo ti ka ọmọ edé títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Tí gbogbo wọn bá kú, kò tíì sọ fún wa pé oògùn jẹjẹrẹ ni. Omi ọṣẹ dúdú náà á pa wọ́n. Ìbéèrè tó le ni bóyá ó mọ sẹ́ẹ̀lì tí yóò pa àti èyí tí yóò fi sílẹ̀.

Ara igi ni paclitaxel tí màmá ń gbà ti wá pẹ̀lú, èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà. Ó máa ń di okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín sí méjì mú, kò ní jẹ́ kó tú, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Sẹ́ẹ̀lì irun náà ń pín kíákíá, ìdí nìyẹn tí irun fi re. Iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára ń lo irú okùn kan náà, ìyẹn ló dé ọwọ́ màmá. Ẹ sọ ti ìka yẹn fún dókítà kíákíá, wọ́n lè dín ìwọ̀n oògùn náà kù. Wọ́n ń wọn màmá, wọ́n ń wọn gíga wọn, kí wọ́n tó po omi yẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u dà nù. Tí ògógóró àti egbò tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n bá tún já lu ẹ̀dọ̀ kan náà, èyí tó kù lára lè ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fún wọn o, mo bẹ̀ yín.

Akin_Ọ̀yọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí a wá da oògùn àwọn baba wa nù ni?

Bàbá_Láàbù:
Rárá o, àbúrò. Igi kan wà ní Ṣáínà, igi ayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1966, àwọn onímọ̀ méjì, Wall àti Wani, kọ ọ́ jáde pé àwọn rí èròjà kan tó ń jẹ́ camptothecin lára rẹ̀. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì dáadáa. Nígbà tí wọ́n fún aláìsàn, àwọn kan ń tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní láti dá a dúró. Wọ́n tún èròjà náà ṣe, tún un ṣe. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí topotecan àti irinotecan, oògùn jẹjẹrẹ méjì tí wọ́n fi ṣe. Ọgbọ̀n ọdún gbáko. Fagaronine tiwa kò tíì di oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn. Ìyẹn ló ń dùn mí. Mo fẹ́ kí a ṣiṣẹ́ lé e lórí dé òpin, kì í ṣe kí a gbé e fún màmá Àdùkẹ́ kí wọ́n bá wa dán an wò.

Àdùkẹ́_Tákíè:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo gbé ìgò náà sínú láílọ́ọ̀nù lọ bá dókítà. Wọ́n béèrè bóyá màmá ti mu nínú rẹ̀, mo ní rárá. Màmá wá rọra na ìka méjì sókè. Àṣé wọ́n ti mu ún lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn mi! Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, sẹ́ẹ̀lì funfun ti lọ sílẹ̀, wọ́n sún omi oògùn síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ní àwọn máa dín in kù nítorí ìka yẹn.

Ẹ̀gbọ́n màmá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àyà mi ń já. Ṣùgbọ́n màmá ní àwọn fúnra wọn á bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ti di ìyókù egbò yẹn sínú bébà, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn kó o padà sí Ọ̀yọ́, kí wọ́n máa fi rún orín.