Àpá wà lọ́wọ́ ọmọ SS 2, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́: kí ni kí káńsẹ́lọ̀ kọ́kọ́ ṣe?

Káńsẹ́lọ̀_Ìgbómìnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Iléèwé girama ìjọba ni, lágbègbè Òmù-Àrán. Akẹ́kọ̀ọ́ lé ní 600, káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo, òun náà ló tún ń kọ́ Civic Education. Ọmọbìnrin kan ní SS 2, ọmọ ọdún 16, tó máa ń mókè tẹ́lẹ̀, ti ń pa kíláàsì jẹ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í bá wọn jáde ní bíréèkì mọ́, orí tábìlì ló ń sùn, súwẹ́tà kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí oòrùn ti wù kó mú tó. Tíṣà Biology ló rí àpá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò sí apá rẹ̀ òsì.

Ìyá rẹ̀ wà ní Èkó, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọmọ ń gbé. Pírínsípà ní ká pe ìyá àgbà kó wá mú un lọ fún àdúrà. Tíṣà kan ní ẹgba méjì péré á tún orí rẹ̀ ṣe. Kí ni kí a bi ọmọ náà, irú ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí a lò, ta ló sì yẹ kó gbọ́? Àwọn kan tún ní kí a pín SDQ, ìwé ìbéèrè tó ń wo ìṣòro ọkàn àti ìwà ọmọ, fún gbogbo SS. Ṣé ó tọ́?

---

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú kí ẹ tó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má nà án, kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ ní àsẹ́ńbílì, kí wọ́n má sì ní kó ká apá aṣọ sókè níwájú èèyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ya ara wọn kì í ṣe é torí kí wọ́n lè kú. Ìnira inú ni wọ́n fẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ń ṣe é sún mọ́ ewu ikú ju ẹni tí kò ṣe é lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rò ó lọ́kàn ara wa, bíbéèrè la máa ń béèrè.

Ẹ wá ibi tí ojú lè tó yín ṣùgbọ́n tí etí ò ní gbọ́. Líbírérì tí kò sí èrò dáa. Ẹ má jókòó sẹ́yìn tábìlì, kí ẹ sì jẹ́ ẹ̀yin nìkan. Bí tíṣà mẹ́ta bá yí i ká, ìgbẹ́jọ́ ló máa kà á sí. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 tó.

Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: “Mo rí i pé o kì í jáde ní bíréèkì mọ́, oorun sì ń kùn ọ́ ní kíláàsì. Báwo ni nǹkan ṣe rí fún ọ láti ọjọ́ mélòó kan yìí?” Kí ẹ wá dákẹ́. Ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń bà á jẹ́, wọ́n á ti kó wàásù dé kí ọmọ tó la ẹnu. “Kí ló dé tí o ń ṣe báyìí?” kò dáa, ẹ̀sùn ni. “Ṣé o mọ iye ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ?” ló burú jù.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń jáde, ẹ tẹ̀ lé e ní ìpele-ìpele:

“Ǹjẹ́ ó máa ń ṣe ọ́ bíi pé kí o sùn kí o má jí mọ́?”
“Ǹjẹ́ o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?”
“Ṣé o ti ro bí o ṣe máa ṣe é, àti ìgbà tí o máa ṣe é?”
“Ṣé ohun tí o fẹ́ lò wà nítòsí rẹ?”
“Ṣé o ti gbìyànjú rẹ̀ rí?”
“Kí ló ń dá ọ dúró títí di òní?”

Ẹ má bẹ̀rù ìbéèrè kejì yẹn. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Ara máa ń fúyẹ́ fún wọn pé ẹnì kan lè dárúkọ ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n.

Bó bá jẹ́ èrò lásán ni, tí kò sí ètò kankan, kí alágbàtọ́ gbọ́ lónìí, kí dókítà rí i kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí ètò bá wà, tí ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí, tàbí tó ti gbìyànjú rẹ̀ láìpẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kódà bó bá fẹ́ lọ tọ̀, kí obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ti gbé nǹkan mì, ẹ má wo ti pé ojú rẹ̀ ṣì dá: ẹ gbé e lọ, ẹ mú ìgò tàbí páálí rẹ̀ dání. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Epo pupa yẹn lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pọ̀ ibi la sì ti ń lò ó bí ẹ̀rọ̀.

---

Wẹ́fíà_Ọ̀fà

Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ̀rọ̀. Ibi ìlérí ni mo fẹ́ fi kún. Káńsẹ́lọ̀ tó bá ti sọ pé “mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni” ti so ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ sọ fún un báyìí: “Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ rẹ káàkiri. Àmọ́ bó bá jẹ́ ohun tó lè pa ọ́ lára, tàbí tí ẹnì kan ń pa ọ́ lára, mo ní láti sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́. Ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀.” Ọmọ tó gbọ́ ìyẹn látìbẹ̀rẹ̀ kì í pè yín ní ọ̀dàlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kí ẹ tó pe ilé, ẹ bi í léèrè ohun méjì: ta ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí jù nínú ẹbí, àti ta ni kò fẹ́ kó gbọ́, kí sì nìdí. Bí ìdáhùn kejì bá fi hàn pé ẹnì kan nínú ilé náà ló ń fìyà jẹ ẹ́ tàbí tó ń bá a ṣe ìṣekúṣe, ẹ má pe ilé yẹn. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ. Kwárà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tirẹ̀, kì í ṣe àánú lẹ ń tọrọ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, wákàtí 72 ni oògùn tó ń dènà HIV ní, èyí tó ń dènà oyún ní wákàtí 120, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Kó má wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀. Kí wọ́n má sì máa mú kí ọmọ náà tún un sọ fún tíṣà kan, fún pírínsípà, fún alága PTA. Ẹ̀ẹ̀kan péré, fún yín, ó tó.

Tó bá kan ìwé, ojú ewé kan: ọjọ́, aago, ẹni tó fi tó yín létí, ohun tí ẹ fojú rí, àti ọ̀rọ̀ ọmọ náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ní “ayé sú mi”, “ayé sú mi” ni kí ẹ kọ, kì í ṣe “ó ní ìsoríkọ́”. Dókítà ló ń sọ ìyẹn. Ẹ tì í mọ́ dúróò. Ẹ má gbé e sí WhatsApp àwọn tíṣà, kódà bí ẹ ò dárúkọ, torí àpèjúwe tí ẹ ṣe lókè yìí nìkan ti tó fún ẹni tó bá wà níléèwé yẹn láti dá a mọ̀. Pírínsípà, alágbàtọ́, ẹ̀yin, ó parí. “Ara rẹ̀ ò yá, ẹ fún un láyè díẹ̀ lórí asáímẹ́ǹtì” ti tó tíṣà kíláàsì rẹ̀.

Ẹ má sọ ọ́ gbì fún ìyá tó wà nínú dáńfó l'Ékòó. “Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi, kò sí ohun tó ṣe é nísinsìnyí. Ẹ bọ́ síbi tí ẹ ti lè jókòó kí ẹ pè mí.”

Ẹ̀rù ọlọ́pàá wà nínú ìdí tí ẹbí fi ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Abala 231 nínú Penal Code (òfin ìwà ọ̀daràn) ti Àríwá, èyí tí Kwárà náà bá pín, ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Kò sí ohun tó kan tẹ́ṣàn níbi tiyín yìí. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ló gba ipò òfin wèrè ayé àwọn òyìnbó, ilé ìwòsàn ló sì ń darí irú ọ̀rọ̀ báyìí sí.

---

Káńsẹ́lọ̀_Ìgbómìnà

Ẹ ṣé púpọ̀. A ti bá a sọ̀rọ̀. Èrò wà, ètò kò sí, kò sì gbìyànjú rẹ̀ rí. Ìyá àgbà ti wá, àmọ́ wọ́n ní ọ̀tá ló ń bá ọmọ náà jà, pé ilé àdúrà kan ti gbà láti dá a dúró fún ọjọ́ 21 pẹ̀lú ààwẹ̀.

---

Alfa_Tíṣà (Ìlọrin)

Ẹ má bá màmá àgbà jiyàn lórí ọ̀tá. Ẹ ò ní borí, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ lóru. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá sọ pé: “Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà fún un nílé, kí dókítà náà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́.” Ibi tí ẹ ò ti ní gbà ni kó máa sùn síbòmíràn, kí wọ́n nà án, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n febi pa á, kí wọ́n sì po àgbo mọ́ oògùn ilé ìwòsàn. Bákan náà ló rí ní ilé alfa lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin. Fún àwọn ẹbí Mùsùlùmí, Suratul Baqarah ẹsẹ 185 ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ara bá dá. Bí pásítọ̀ tàbí alfa tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu bá lè tẹ̀ lé wọn dé ilé ìwòsàn, ìyẹn ṣiṣẹ́ ju lẹ́tà iléèwé mẹ́ta lọ.

Ẹ bi màmá nípa ohun tó wà nínú ilé pẹ̀lú. NAFDAC ti dá títà oògùn apakòkòrò onígò kékeré (bíi Sniper) dúró láti 2019, àmọ́ ó ṣì pọ̀ nílé àwọn èèyàn. Lágbègbè yín tí iṣẹ́ oko pọ̀, oògùn apakoríko máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti màmá fúnra wọn, kí wọ́n tì í mọ́ àpótí.

---

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ

Tó bá kan ibi tí wọ́n máa gbà: Jẹ́nẹ́rà Òmù-Àrán ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí dókítà ibẹ̀ kọ lẹ́tà fún wọn. Ní Ìlọrin, ẹ̀ka Behavioural Sciences (ẹ̀ka ìlera ọpọlọ) ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Oyì, ló ń rí irú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Bùdó-Ẹ̀gbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Kí wọ́n mú ojú ewé kan tí ẹ kọ yẹn dání. Bó bá di pàjáwìrì, lẹ́tà kì í ṣe dandan.

Dókítà lè kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kí màmá má rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn tairọ́ìdì náà máa ń mú kó rẹ èèyàn gan-an. Bí wọ́n bá kọ oògùn ìsoríkọ́, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó hàn. Ewu ibẹ̀ nìyí: ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èrò ikú lè pọ̀ sí i lára ọ̀dọ́ kan, nítorí náà ìgbà yẹn gan-an ni ojú yẹ kó wà lára rẹ̀ jù. Bí ara bá sì ti yá, wọ́n á fẹ́ já oògùn náà sílẹ̀. Kí wọ́n má dá a dúró láìbi dókítà.

---

Àgbà_Káńsẹ́lọ̀

SDQ tí ẹ béèrè: ìbéèrè 25 ni, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ ọdún 11 sí 17 lè dáhùn fúnra rẹ̀. Inú 20 nínú rẹ̀ la ti ń ṣírò àmì ìṣòro, láti 0 dé 40. Tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ dáhùn, 16 sí 19 wà lẹ́nu ààlà, 20 sókè ga.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má pín in fún gbogbo SS báyìí. Ká ní ọmọ 30 bá ga, ta ló máa bá wọn sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àwùjọ iléèwé dámọ̀ràn òṣìṣẹ́ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ 250, ẹ̀yin nìkan sì wà pẹ̀lú 600. Ọmọ tó jẹ́wọ́ lórí ìwé tí ẹnì kankan ò dá lóhùn kò ní jẹ́wọ́ mọ́. Rẹ́jísítà ni kí ẹ lò: kí tíṣà kíláàsì mú orúkọ ẹni tó bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wá fún yín ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ fún ní SDQ, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n.

Ọmọ yìí náà máa padà sí kíláàsì, ibẹ̀ sì ni iléèwé ti máa ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ bá a kọ ìwé ààbò kan kó tó padà, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: àmì tó fi ń mọ̀ pé èrò náà ti ń bọ̀, ohun tó lè dá ṣe, ibi tàbí ẹni tó lè mú ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹni tó lè sọ fún, nọ́ńbà yín àti ti ilé ìwòsàn, àti ohun tí wọ́n ti kó kúrò nílé. Ẹ̀dà kan fún un, ọ̀kan fún màmá. “Màá gbàdúrà” nìkan kò tó lábẹ́ ohun tó lè dá ṣe. Ẹ jẹ́ kó fi ohun tí ọwọ́ ń ṣe kún un, bíi kó di irun fún àbúrò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa rí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́, kí ó jẹ́ àkókò kan náà, kí bíréèkì tó lu. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí táàmù á fi parí. Ẹ bi í ṣáájú ohun tó fẹ́ kí ẹ sọ bí ọ̀rẹ́ bá béèrè. “Ara mi ò yá” tó. Kí pírínsípà sì fi ọwọ́ sí i báyìí pé wọn ò ní lo CA (máàkì ìdánwò inú táàmù) tó pàdánù láti dá a dúró ní SS 2, torí bí wọ́n bá jẹ́ kó di ọjọ́ ìpàdé ìgbéga, àwọn tíṣà tí kò mọ nǹkan kan ló máa pinnu.