Ọ̀rọ̀ orúnkún Màámi: a ti ṣe é o

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo bèèrè níbí bóyá kí Màámi, ẹni ọdún 71 tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, gbà kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún wọn. Ó pé ọ̀sẹ̀ 8 lónìí tí a ti ṣe é.

Ẹni tó ní wọ́n á gé ẹsẹ̀ wọn jù nù, ẹ̀gbọ́n, ẹ dẹ́rù bà wá lásán o! Ojú egungun tó ti bàjẹ́ nìkan ni dókítà gé, ó fi irin bò ó, ó fi ike sáàárín. Orúnkún tuntun yìí lè lo tó ọdún 15 sí 20.

Iṣẹ́ gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n dìde. Màámi figbe ta. Títí di àárọ̀ yìí, mò ń ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ gìgísẹ̀ wọn kí orúnkún lè nà tán, wọ́n á sì máa ṣépè fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lánàá, wọ́n fi ọ̀pá kan ṣoṣo rìn dé ìsọ̀. Ìkúnlẹ̀ ni dókítà ní kí wọ́n ṣì yẹra fún. Ìyálé wọn yọ sí wa, Màámi ti fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ni mo bá kígbe. Ìyálé náà ní, “Jókòó kí mi, mo ti gbà á.”

Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa síbí. Ẹ ṣeun.