Kí ló dé tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ afárá Oregon Inlet lọ sí kóòtù nítorí ẹyẹ?

Baba Ìbejì, Norfolk:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ìdílé mi wakọ̀ lọ sí Hatteras ní North Carolina, a sì gba orí afárá Marc Basnight tó sọdá ẹnu omi Oregon Inlet, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2019. Ó gùn tó máìlì 2.8, ó sì ga débi pé a ń wo òkun lápá òsì àti ọ̀sà Pamlico lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà gúúsù, iyanrìn ti bo ìdajì títì, katapílà kan sì ń wọ́ ọ padà sí ìhà òkun. Ẹnìkan níbi tí a gbé ọkọ̀ sí sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣẹjọ́ kí afárá yìí tó dìde, nítorí ẹyẹ àti ìjàpá òkun. Bẹ́ẹ̀ Bonner, afárá àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1963, ti gbó kọjá ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ní kó lò. Ṣé ó yẹ kí ẹyẹ dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró?

Ọmọ Etí Òkun:
Ẹ kú ìrìnàjò, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má kọ́ afárá. Ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí ni wọ́n jà lé lórí. Láti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gúúsù ni títì NC 12 ti wọ Pea Island, ọgbà ààbò ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjì tó ń dáàbò bo ẹranko, Defenders of Wildlife àti National Wildlife Refuge Association, pe ẹjọ́ ní 2011, ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni afárá gígùn, nǹkan bíi máìlì 17, tí yóò gba inú ọ̀sà kọjá kí títì lè kúrò nínú ọgbà náà pátápátá. Ìjọba ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Katapílà tí ẹ rí yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Erékùṣù iyanrìn ni ibẹ̀, kì í sì í dúró lójú kan: bí ìjì bá jà, ìgbì a máa gbé iyanrìn láti ìhà òkun dà sí ìhà ọ̀sà, nípa bẹ́ẹ̀ erékùṣù náà ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìparẹ́. Lórí iyanrìn pẹrẹsẹ tí ìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ yìí ni piping plover ń yé sí. Ẹyẹ kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ológoṣẹ́ lọ, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti iyanrìn gbígbẹ. Ẹsẹ̀ ló fi ń wa kòtò tí kò jìn, ẹyin mẹ́rin tó ní tóótòòtó ni yóò wà nínú rẹ̀, ènìyàn sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Bí a bá ń dá iyanrìn padà kí ọkọ̀ lè kọjá, ìhà òkun á di òkìtì, koríko á hù sí i, ẹyẹ náà kò ní yé síbẹ̀ mọ́, ìhà ọ̀sà kò sì ní rí iyanrìn tuntun gbà.

Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ má gbàgbé ògiri òkúta. Ìjì ló la ẹnu omi yẹn ní 1846, láti ìgbà náà ló sì ti ń rìn lọ sí gúúsù. Nígbà tó fẹ́ gbé ìdí afárá àtijọ́ lọ, wọ́n to òkúta dí i láàárín 1989 sí 1991. Ìdí afárá dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi kò dúró sábẹ́ ojú kan ṣoṣo tó ga lára Bonner, wọ́n sì ń kó iyanrìn níbẹ̀ ṣáá. Ní oṣù Kẹwàá 1990, ìjì gbé ọkọ̀ akóyanrìn kan kọlu afárá náà, apá kan sì já sómi. Ojú gíga tó wà lára tuntun pọ̀, kí ọkọ̀ lè máa tẹ̀ lé omi síbi tó bá yà sí. Àwa ará Èkó mọ irú òkúta bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn èyí tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀sà láàárín 1908 sí 1912 ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach.

Ìyá Nọ́ọ̀sì:
Mo gbọ́ tiyín, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n ẹ ro ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2013, omi jẹ iyanrìn ìdí òpó Bonner, wọ́n sì tì í pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ènìyàn àti ẹrù sọdá ọ̀sà. Aláìsàn tó ní láti dé ilé ìwòsàn ńkọ́?

Ọmọ Etí Òkun:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn ọdún 2015 fi dùn mọ́ mi: àwọn olùpẹ̀jọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bonner, ìjọba sì gbà láti máa gbé àwọn ibi tí òkun ń jẹ jù kúrò lórí iyanrìn. Ní 2022 ni wọ́n ṣí afárá tó yà wọ inú ọ̀sà ní Rodanthe, nǹkan bíi máìlì 2.4, wọ́n sì hú títì àtijọ́ tó wà ní gúúsù ọgbà náà. Púpọ̀ nínú kọnkéré Bonner ni wọ́n rì sínú òkun kí ẹja lè máa gbé inú rẹ̀. Títì ìhà àríwá ọgbà náà, nídìí afárá níbi tí Baba Ìbejì ti rí katapílà, kò tíì kúrò lórí iyanrìn.