Tsukiji ní Tokyo: ṣé ọjà ẹja ṣì wà níbẹ̀?

Ọmọ Ọlọ́ja (Ẹ̀pẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ẹlẹ́ja méjì láti ọjà Olúwo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ta ẹja ní Japan. Ṣé Tsukiji ni kí wọ́n lọ?

Bàbá Ìkòròdú: Àwọn tó ń ta ẹja lọ́pọ̀ fún alágbàtà ti kó lọ sí Toyosu, ọjà mìíràn ní Tokyo níbẹ̀, ní oṣù kẹwàá 2018. Àwọn ìsọ̀ ìta ló kù ní Tsukiji: ọ̀bẹ, ẹyin díndín, ẹja tútù. Kí wọ́n tètè dé, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ń palẹ̀ mọ́ ní aago méjì ọ̀sán.

Àdùkẹ́ Àgbádárìgì: Toyosu gan-an ni kí wọ́n lọ. Gbàǹjo ẹja tuna ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Wọ́n á ti gé ìrù ẹja. Olùrà á tan tọ́ọ̀ṣì sójú ibi tí wọ́n gé, á fi ìka ra ẹran rẹ̀ díẹ̀ wò bóyá ó lọ́ràá. Ọ̀rá yẹn ló ń gbówó lé e. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà ọjà: wọn kì í ná an lọ́jọ́ Sunday, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Wednesday. Ibùdókọ̀ reluwé Shijō-mae ni kí wọ́n ti sọ̀.

Ọmọ Ọlọ́ja (Ẹ̀pẹ́): Ẹ ṣé gan-an, mà.