Abúlé ni àbí ìlú? Ọ̀rọ̀ lórí ìtumọ̀ "comune"

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ nípa Santo Stefano di Sessanio ní Ítálì pè é ní "abúlé orí òkè". Ẹlòmíì ní "ìjọba ìbílẹ̀" ló yẹ, torí comune, ìyẹn ibi tó ní ìṣàkóso tirẹ̀, ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Ẹ má bínú sí mi o, méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Lóòótọ́, ibẹ̀ kéré. Ẹkùn Abruzzo ló wà, lẹ́bàá òkè Gran Sasso, ó fi bíi mítà 1,250 ga ju ojú òkun lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò sì ju bí 120 lọ. Irun àgùntàn ló sọ ọ́ di olówó láyé àtijọ́. Ìdílé Medici ti Florence gbà á lọ́dún 1579, àwọn darandaran ibẹ̀ a sì máa da agbo lọ sí ẹkùn Puglia nígbà òtútù. Òwò yẹn kú, àwọn ọ̀dọ́ kó ẹrù wọn, ilé òkúta ṣófo. Ẹni tó bá rí i, abúlé ló máa wá sí i lẹ́nu.

Àmọ́ ṣé iye orí la fi ń mọ ìlú? Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abúlé ní ìlú tó ń sìn. Bi ará abúlé pé ọmọ ibo ni, ìlú yẹn ni yóò kọ́kọ́ dá fún ọ. Santo Stefano ò sin ìlú kankan. Ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ló sì ń fìbò yan sindaco, ìyẹn olórí ìṣàkóso wọn, fún ọdún 5. Lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ yìí ló kéde pé ẹni ọdún 18 sí 40 tó bá kó wá máa gbé ibẹ̀ yóò gba owó fún ọdún 3. Abúlé wo ló ń kéde irú rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀?

Ẹ wo Castelluccio ní Umbria. Òkè lòun náà wà, òun náà ń gbin lẹ́ńtìlì, hóró tó jọ ẹ̀wà, bíi Santo Stefano, ṣùgbọ́n abẹ́ ìlú Norcia ló wà. Frazione ni wọ́n ń pe irú èyí. Ìyẹn gan-an ni abúlé. Bí a bá pe méjèèjì ní abúlé, kí ni a ó fi yà wọ́n?

Ní ti "ìjọba ìbílẹ̀", ará Ọ̀yọ́ tó bá kà á yóò rò pé àgbègbè kan ni, tí ìlú pọ̀ nínú rẹ̀, tó ní alága àti káńsẹ́lọ̀. Ní Ítálì, comune ni Róòmù fúnra rẹ̀. Ìlú ni kí a kọ, ó tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe sindaco ní baálẹ̀ o. Ọba ló ń fi baálẹ̀ jẹ, ìdílé sì ń jẹ ẹ́. Ní Kétu, tí òun náà jẹ́ commune ní Benin, Alákétu wà láàfin, maire, ìyẹn sindaco tiwọn, wà ní ọ́fíìsì. "Alága ìlú" ni mo fara mọ́ fún sindaco.

Ẹ fi lẹ́ńtìlì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di "ẹ̀wà kékeré". Ẹ̀wà tiwa yi jù ú lọ dáadáa. Ti Santo Stefano dúdú rẹ́súrẹ́sú, ó kéré débi pé wọn kì í rẹ ẹ́ sómi kó tó dé orí iná. Áyù, ewé, iyọ̀ àti òróró ólífì ló ń bá a dénú ìkòkò.

Níbi tí ẹ̀gbọ́n kọ pé "ilé ìṣọ́ abúlé náà wó nínú ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2009", mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi "ìlú" rọ́pò "abúlé". Wọ́n ti tún ilé ìṣọ́ náà kọ́, ó sì dúró láàárín ìlú padà.