Asúnniṣe, ète àti àwíjàre: èwo ló bá Nemo mu?

À ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò nínú ìtúpalẹ̀ ìtàn fún ohun tó wà nídìí ìwà ẹ̀dá-ìtàn tí kò ṣeé pè ní ẹni rere, tí kò sì ṣeé pè ní ẹni ibi. Mẹ́ta ni ẹ ti dábàá: ìwúrí, ìdí àti ète. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀dá-ìtàn kan dán wọn wò. Nemo ni mo mú, ọ̀gákọ̀ Nautilus, ọkọ̀ abẹ́ omi inú Twenty Thousand Leagues Under the Seas, ìtàn àròsọ ajẹmọ́sáyẹ́ǹsì tí Jules Verne gbé jáde láàárín 1869 sí 1870.

Ìwúrí ni ká kọ́kọ́ yọ kúrò. Ohun tó bá wúni lórí ni ìwúrí. Ayọ̀ àti ìṣírí ló wà nínú rẹ̀. Nemo sọ pé ìyàwó, ọmọ, bàbá àti ìyá òun ti ṣègbé lọ́wọ́ àwọn aninilára. Kí ló wà níbẹ̀ tó lè wú u lórí? Ẹ jẹ́ kí àwọn olóòtú ètò ìṣírí máa lo ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Ìdí kò burú, ó kàn gbòòrò jù ni. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìdí tí Nemo fi tẹ ọkọ̀ ogun rì lápá ìparí ìwé náà. Ó lè ní ọkọ̀ ogun náà ló kọ́kọ́ yìnbọn. Ó lè ní ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú. Ó lè ní Nemo ti fi ara rẹ̀ jẹ adájọ́. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ wọn kì í ṣe irú kan náà. Ti ìbọn yẹn gan-an kò dúró dáadáa: Nautilus yára ju ọkọ̀ ogun náà lọ fíìfíì, ó lè sá. Ńṣe ni Nemo dẹ ìrìn, tó jẹ́ kí wọ́n máa lé òun mọ́jú kó tó yí padà gún un nísàlẹ̀. Bí a bá kó gbogbo èyí sábẹ́ "ìdí", òǹkàwé á mú èyí tó wù ú, á sì rò pé òun ti dáhùn.

Ète, ní tirẹ̀, ọjọ́ iwájú ló ń wò. A pète ohun tí a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Nemo ní ète, a sì lè tọ́ka sí i: ó ń kó wúrà látinú àwọn ọkọ̀ tó rì sí Vigo, ní etíkun Sípéènì, ní 1702, ó fi wúrà ránṣẹ́ sí àwọn ará Kírétè tó ń bá ìjọba Tọ́kì jà, ó gba òmùwẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹja ekurá létí Ceylon (Sri Lanka òde òní), ó sì fún un ní àpò péálì. Ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí wọ́n ń ni lára, ète nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun tó rì yẹn kò dá ẹnikẹ́ni nídè. Ète kò lè ṣàlàyé rẹ̀, àfi ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún ohun tó ń tì í láti ẹ̀yìn.

Yàtọ̀ sí mẹ́ta yẹn, ẹnì kan nínú yín ti dárúkọ ìsúnniṣe. Mo gba gbòǹgbò rẹ̀, mi ò gba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àfòmọ́ ì- ń pe ìṣe náà lórúkọ, ìyẹn sísún tí wọ́n súnni. A- ló ń pe ohun tó ń súnni. Asúnniṣe ni ká lò. Àtakò tí mo ń retí ni pé èèyàn ni a- sábà máa ń tọ́ka sí, bí apẹja àti akọ̀wé. Amúnáwá àti amúlétutù ti wà lẹ́nu gbogbo wa, wọn kì í sì í ṣe èèyàn.

Lẹ́yìn asúnniṣe àti ète, ẹ̀kẹta nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká lò ni àwíjàre, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń dá ara rẹ̀ láre, èyí tó ti wà lédè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Nemo ń sọ fún Aronnax pé òun ni òfin, òun sì ni ìdájọ́, àwíjàre ló ń wí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun rì tán, ó kúnlẹ̀ níwájú àwòrán obìnrin kan àti ọmọ kékeré méjì, ó ń sunkún. Àwíjàre ti tán níbẹ̀, asúnniṣe nìkan ló kù. (Aronnax, tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nínú ọkọ̀ náà, ni asọ̀tàn, nítorí náà ohun tó fojú rí nìkan la ní. Kí a máa fi "lójú Aronnax" kún ìtúpalẹ̀ wa.)

Ní ti orúkọ tí a ó máa pe ẹ̀dá-ìtàn tí kì í ṣe ẹni rere, tí kì í sì í ṣe ẹni ibi, olójúméjì kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀tàn ló wà nínú rẹ̀, Nemo kò sì tan àwọn tó mú: ó sọ fún wọn ní gbangba pé wọn ò ní jáde kúrò nínú ọkọ̀ òun mọ́. "Kò dára kò burú" náà kò bá a mu, nítorí pé oore rẹ̀ pọ̀, ìkà rẹ̀ náà pọ̀. Ẹ̀dá-ìtàn oníwà-tibi-tire ni mo fara mọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ ilé ayé la sábà máa ń fi tibi-tire ṣàpèjúwe lóòótọ́. "Oníwà" ló fà á wá sórí ọmọlúàbí àti àìṣọmọlúàbí.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ìtumọ̀, kó ṣọ́ ìwé tó ń lò. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀, tó jáde ní nǹkan bí 1872, gé ọ̀pọ̀ ìpínrọ̀ kúrò. Verne fúnra rẹ̀ fẹ́ kí Nemo jẹ́ ọmọ Póláǹdì tí àwọn ará Rọ́ṣíà pa ìdílé rẹ̀. Hetzel, tó ń bá a tẹ ìwé, kọ̀ jálẹ̀. Nínú ìwé mìíràn, The Mysterious Island, tó parí ní 1875, ni Verne ti wá sọ ọ́ di Ọmọọba Dakkar ti Íńdíà, tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà nínú ọ̀tẹ̀ 1857. Ẹ má kó Dakkar padà sínú ìwé àkọ́kọ́. Ọdún wọn kò bára mu: 1867 ni ìrìn Aronnax bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nínú ìwé kejì, Nemo ti di arúgbó tó dá wà ní erékùṣù nígbà tó fi máa di 1865. Nínú ìwé àkọ́kọ́, asúnniṣe náà kò lórúkọ orílẹ̀-èdè, ẹ jẹ́ kí ìtumọ̀ Yorùbá náà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.