Báwo la ṣe lè mọ iye ẹ̀rọ ìkàwé tó ń tà?

Ìyá Oníwèé (Òkè-Fìà):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé ni mo ń tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ wa wá ń bi mí ṣáá bóyá mo ní Kindle tòkunbọ̀, ẹ̀rọ ìkàwé tí ilé-iṣẹ́ Amazon ń tà. Ọmọ kan tó ń kó ọjà láti Èkó ní òun á kó odindi páálí kan fún mi, pé ọjà náà ń yá wéréwéré lókè òkun. Mo ní mélòó ló ń tà, ó rẹ́rìn-ín. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí iye kan tí Amazon fẹnu ara wọn sọ. Owó tí mo fẹ́ fi kó ìwé WAEC ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi yìí o. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ọmọ Àyétòrò:
Mà, kò le. Ẹ wo ibi tí Amazon ti ń to ọjà tó ń tà jù. Òkè lọ́hùn-ún ni Kindle máa ń wà níbẹ̀.

Bàbá Sitọ́ọ̀ (Àlékúwodò):
Ìyá Oníwèé, ẹ kú ọjà. Ipò yẹn ò lè sọ iye fún yín. Ẹni tó ta ogún lè gba ipò kìíní bí ẹlòmíì bá ta méjì péré.

Iṣẹ́ sitọ́ọ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọjà ti tán, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé mélòó ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni Kindle àkọ́kọ́ jáde, dọ́là 399. Kí wákàtí mẹ́fà tó pé, ó ti tán. Ariwo ta! Wọn ò sì sọ iye tí wọ́n kó sílẹ̀. Alátà tó gbé abọ́ kan péré lọ sí Ọjà Ọba náà lè tà tán kí oòrùn tó mú. Nígbà tó di ìparí ọdún 2011, wọ́n ní àwọn ń ta Kindle tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́sẹ̀. Kindle Fire, tó jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, wà nínú ẹ̀. Wọ́n ka gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn tó gbọ́n ń gbà wọlé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ E Ink ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ojú àwọn ẹ̀rọ yìí. Ilé-iṣẹ́ Taiwan kan ló rà á lọ́dún 2009, òfin ibẹ̀ sì ni pé kí ilé-iṣẹ́ tó bá wà lọ́jà ìpín máa kéde owó tó wọlé fún un lóṣooṣù. Ẹ fi iye owó ojú kan pín in, ẹ ti rí nǹkan dì mú. Àmọ́ ojú kan náà ni àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ iye owó ọjà sára pẹpẹ báyìí, owó méjèèjì sì ti dà pọ̀.

Èyí tó kàn yín gan-an rèé: Waterstones, ilé ìtàwé ńlá ní Ìlú Ọba, kó Kindle kúrò nílẹ̀ lọ́dún 2015 torí pé kò tà lọ́wọ́ wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn èèyàn ti ń rà á.

Ọmọ Àyétòrò:
Bàbá, Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun ní àwọn á fún àwọn ọmọ iléèwé, ńkọ́? 150,000 ni wọ́n kéde lọ́dún 2013.

Bàbá Sitọ́ọ̀:
Èyí tí wọ́n kéde, èyí tó dé ọwọ́ ọmọ, èyí tí ọmọ fi kàwé: ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sitọ́ọ̀ ń kọ ìyẹn sí. Kò sì sẹ́ni tó rà á nínú àwọn ọmọ náà, ọ̀fẹ́ ni.

Atúnfóònùṣe (Ọláìyá):
Màmá, tí ẹ bá máa rà á ṣá, ẹ má jẹ́ kí àwòrán ojú ẹ̀ tàn yín. Ojú E Ink kì í gba iná kí àwòrán tó dúró, èyí tó ti kú náà á máa fi àwòrán hàn yín. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ ṣí ojú ewé kan sí òmíràn. Tí ìlà bá dúró lójú ẹ̀ gbọn-in tí kò lọ, ojú ti fọ́ nínú nìyẹn, owó ojú tuntun á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi ẹ̀rọ. Ẹ tún wò ó bóyá orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀.

Ìyá Oníwèé:
Ẹ ṣeun o. Mo ti sọ fún ọmọ yẹn pé kó gbé páálí ẹ̀ dání ná. Ẹni tó bá fẹ́ Kindle lọ́dọ̀ mi á kọ́kọ́ san ìdajì. Láti àná tí mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló tíì sanwó.